Ẹ dá tẹ́mósítáàtì yẹn padà sáyè rẹ̀

Bí ọkọ̀ tó ti dàgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé: “Ẹ jẹ́ ká yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ sọnù. Ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ti nílò ẹ̀, kò wúlò níbi tí oòrùn bá ti mú.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò fọwọ́ kan sípánà rí. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà kan, mo sì jẹ́ kí wọ́n yọ ti ọkọ̀ mi. Kì í ṣe òótọ́. Ó ti ba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ṣì lè lo ọdún púpọ̀ jẹ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Tẹ́mósítáàtì kò ju ilẹ̀kùn kékeré kan lọ, èyí tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀, ibi tí omi tó ń gbé ooru kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ti ń tutù. Inú rẹ̀ ni ife idẹ kan wà tí wọ́n di ìda sí. Bí omi tó yí i ká bá gbóná dé ìwọ̀n kan, ìda náà á yọ́, á wú, á ti ọ̀pá kékeré kan, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Bí omi bá tutù, ìda á dì padà, sípíríǹgì á sì ti ilẹ̀kùn náà pa. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà kò ní wáyà kankan, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n tí yóò ṣí sí i lára. 82°C àti 88°C wọ́pọ̀. Bí omi bá tún fi nǹkan bí 10 sí 15 gbóná ju ìyẹn lọ, ó ti ṣí tán pátápátá.

Ẹ wá fi nọ́ńbà yẹn wé ọ̀rọ̀ oòrùn. Ooru afẹ́fẹ́ tó ga jù tó wà nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé ni 56.7°C, ní Death Valley lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1913. Kódà níbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ìta ṣì fi ìwọ̀n tó lé ní 25 tutù ju omi tó ń ṣí tẹ́mósítáàtì 82. Kò sí ìlú tí oòrùn rẹ̀ lè bá ẹ́ńjìnnì dé ibi tó yẹ kó ti máa ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí tẹ́mósítáàtì ń ṣe níbi tí yìnyín wà náà ló ń ṣe níbi tí iyanrìn ti ń jóni lẹ́sẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ tutù, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyẹn. Nǹkan bí 90°C, tàbí kó lé díẹ̀, lara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Nígbà tó bá ṣì tutù, epo kì í di oru tán, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa bu epo kún un títí sẹ́ńsọ̀ inú omi yóò fi sọ fún un pé ara ti móoru. Ọkọ̀ tí kò ní tẹ́mósítáàtì lè sáré lórí ọ̀nà márosẹ̀ láàárọ̀ tàbí nínú òjò kí ara rẹ̀ má móoru tó rárá, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo bíi pé ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i. Epo tí kò jóná á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, níbi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, á sì ṣàn lọ bá ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Omi tí epo tó jóná ń mú wá, tó yẹ kí ooru gbé lọ, á dúró sínú ọ́ìlì náà. Bí ọ́ìlì ṣe ń di ẹrẹ̀ dúdú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ ara rẹ̀ láìpariwo. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọtomátíìkì, jíà tó ga jù kì í wọlé títí omi ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Ọkọ̀ tó ní iná ẹ́ńjìnnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á tiẹ̀ fẹjọ́ sùn fúnra rẹ̀: kóòdù P0128 ni yóò gbé jáde, ìyẹn ni pé omi kò gbóná dé ibi tí tẹ́mósítáàtì yẹ kó mú un dé.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni pé yíyọ rẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ gbóná sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn méjì ni tẹ́mósítáàtì ní. Ọ̀kan ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀. Èkejì, àwo kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ń ti ọ̀nà àbùjá pa ní àkókò kan náà. Ọ̀nà àbùjá yìí ni omi ń gbà yí po nínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí ara kò tíì móoru. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà méjèèjì á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ibi tó sì rọrùn ni omi ń gbà. Apá kan omi gbígbóná náà á gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìfojú kan rédíétọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó tutù á wá máa hó lórí òkè, tàbí nígbà tó bá ru ẹrù.

(Àwọn kan tó ń gbèjà tẹ́mósítáàtì náà máa ń ṣì í sọ. Wọ́n ní bí a bá yọ ọ́, omi á sáré jù, kò ní ráyè tutù nínú rédíétọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Omi kan náà ló ń yí po, ó sì ń padà wá léraléra. Eré rẹ̀ kì í dín ooru tó ń kó jáde kù. Ọ̀nà àbùjá ló ni ẹjọ́.)

“Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ tèmi, kò gbóná mọ́.” Mo mọ̀, tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, tẹ́mósítáàtì náà ti há ní títì ni, ẹni tó bá sì yọ ọ́ ti mú ìdènà kúrò lóòótọ́. Tuntun ló yẹ kó fi sípò rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ibòmíràn ni àrùn wà, yíyọ tẹ́mósítáàtì kàn bò ó mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. Gẹ́èjì ooru ọkọ̀ mi sùn sísàlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, epo ń lọ bí omi, inú mi sì ń dùn pé mo ti bọ́. Lọ́jọ́ kan, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó hó. Rílè fáànù, ìyẹn súìṣì kékeré tó ń tan fáànù rédíétọ̀, ló ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí ọkọ̀ ń gbóná. Bó bá ń gbóná nígbà tó dúró tàbí tó ń rá, tó sì ń tutù bó bá ti ń sáré, fáànù ni kí ẹ lọ bá: fíúsì, rílè, wáyà, mọ́tò fáànù fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, fáànù kọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Ẹ wo rédíétọ̀ tí ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí ti dí, abẹ wọ́tà pọ́ǹpù tí ìpẹtà ti jẹ, tàbí rọ́bà ìsàlẹ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú rọ́bà méjì tí omi ń gbà láàárín rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, tó ti rọ̀ débi pé fífà pọ́ǹpù ń mú kó lẹ̀ mọ́ra. Bí rọ́bà òkè bá le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì tí ẹ ṣáná sí ọkọ̀ tó sùn mọ́jú, tí ìfóòfó ń yọ lẹ́nu rédíétọ̀ láìdáwọ́ dúró, èéfín inú sìlíńdà ló ń wọnú omi. Gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń dènà kí èéfín àti omi pàdé, ló ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí nǹkan kékeré tó ń wò ó. Ìgbà tí omi bá kún dáadáa, tí gẹ́èjì ti lọ sókè, síbẹ̀ tí rọ́bà tó ti ilé tẹ́mósítáàtì lọ sí rédíétọ̀ tutù, ìgbà yẹn gan-an la tó lè nàka sí tẹ́mósítáàtì.

Ẹ má sì fojú kéré ìdérí rédíétọ̀. Omi lásán ń hó ní 100°C. Ìdérí tó dára máa ń di agbára mọ́ omi nínú, nǹkan bí 15 psi (bí wọ́n ṣe ń wọn agbára náà) nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìyẹn á sì sún ibi tí omi ti ń hó sókè dé nǹkan bí 120°C. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti gbẹ, agbára náà á máa jò, omi á sì máa hó nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná ju bó ṣe yẹ. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tú rédíétọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìdérí. Ẹ máa lo kúláǹtì náà, ìyẹn omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ nìkan. Òun ló ní oògùn ìpẹtà.

Bí ẹ bá fura sí tẹ́mósítáàtì, ẹ tú u, ẹ dán an wò. Ẹ fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi kí ó má kan ìdí ìkòkò, ẹ fi tẹmómítà sí i, ẹ dáná sábẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ìkòkò náà má padà di ti oúnjẹ o, májèlé ni kúláǹtì. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yanu ní nǹkan bí ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, kó sì tì padà bí omi bá tutù. Bí omi bá ń hó tí kò ṣí, tàbí tó ti yanu kó tó dénú omi, ẹ ra òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, apá tó ní sípíríǹgì ló ń kọjú sínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá ní ihò kékeré tí pín-ìnnì wà nínú rẹ̀, òkè ni kí ẹ kọ ihò yẹn sí kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi jáde. Ẹ pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ rọ kúláǹtì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù, ẹ ṣí híítà dé òpin, ẹ sì ṣáná sí i láìtíì fi ìdérí dé e. Ẹ ó rí i tí omi á dédé lọ sílẹ̀, tí rọ́bà rédíétọ̀ á sì móoru lójijì: ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Ẹ rọ ọ́ kún, ẹ dé e. Láti ìgbà náà, ẹ má ṣí ìdérí yẹn mọ́ àfi bí ọkọ̀ bá ti tutù pátá, omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè bó ojú èèyàn.

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ rílè fáànù, tí mo sì dá tẹ́mósítáàtì padà, gẹ́èjì ọkọ̀ mi gòkè dé àárín, ó sì dúró síbẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nínú òjò, lórí òkè, ojú kan náà ló wà.