Ẹ Gbé Fọ́ọ̀mù Náà Wá Sí Wọ́ọ̀dù

Ẹ bá wa wo ìyá kan. Ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́jọ, kò lè dá jókòó, kò lè dá jẹun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò tètè ké. Ìgbà tó fi máa ké, ọpọlọ ti fara gbá a. Títí dòní, ẹ̀yìn ni ìyá rẹ̀ fi ń gbé e káàkiri, ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í sì í ṣe ẹrù ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan sọ fún un lọ́jà pé ìjọba ní ètò ìrànwọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Ó jí ní ìdájí, ó wọ mọ́tò méjì. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ó pọn ọmọ, ó gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní kó lọ gba ìwé dókítà wá láti ilé ìwòsàn ìjọba, kó mú nọ́ńbà NIN ọmọ náà wá, kó mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù dání. Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní ẹni tó ń buwọ́ lùwé kò sí lórí ìjókòó. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn á pè é.

Àpèjúwe ni ìyá yìí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ṣakí, Ìkàrẹ́, Ìlá tàbí Ìmẹ̀kọ gbéra rí lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ̀ pé a kò bù mọ́ ọn. Awakọ̀ mìíràn á gba owó ìjókòó kejì nítorí kẹ̀kẹ́ arọ. Òmíràn á wo èrò náà lójú, á sì tẹ iná mọ́ mọ́tò rẹ̀.

Ohun tí à ń béèrè ṣáájú nìyí. Kí ìforúkọsílẹ̀ fún ìrànwọ́ akàndá ẹ̀dá kúrò ní olú ìlú, kó wá sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá sì forúkọ sílẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ tó sọ ọjọ́ tí èsì máa jáde.

Kì í ṣe òfin ló wọ́n wa. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá ń ṣe gómìnà, òfin náà ló sì bí LASODA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó de gbogbo orílẹ̀-èdè, tó ka yíyan akàndá ẹ̀dá nípọ̀sìn sí ẹ̀ṣẹ̀. Èkìtì náà ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ka òfin ọdún 2019 yẹn, inú rẹ̀ á dùn. Ó ní ọ̀fẹ́ ni kí ẹ̀kọ́ akàndá ẹ̀dá jẹ́ títí dé ilé ìwé girama. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ó kéré tán márùn-ún jẹ́ akàndá ẹ̀dá. Ó ní níbi tí èèyàn bá ti tò, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó sì fún àwọn tó ni ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe é kí kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹ lọ wo sẹkitéríàtì tó sún mọ́ yín, kí ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀.

Òfin tí èèyàn kò lè débi tó ti máa jẹ ẹ́ kò tíì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpolongo òfin tuntun bo èyí mọ́lẹ̀.

Iye àwọn akàndá ẹ̀dá gan-an kò yé ìjọba. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà sí akàndá ẹ̀dá lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ìyẹn ẹni méjì àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìwádìí ìlera ìdílé ti ọdún 2018, tí wọ́n béèrè nípa àwọn tó ti pé ọdún márùn-ún sókè, ó di bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ ìlera àgbáyé ní tòun, káàkiri ayé, sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe pé àìlera ń sá fún Nàìjíríà. Ta ló máa sọ fún akànìyàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ẹnì kan wà nínú yàrá tí kì í jáde? Àwọn baba wa ń pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ sì ni kéèyàn fi wọ́n ṣe ẹ̀sín. Síbẹ̀, nínú ilé kan náà tí wọ́n ti ń sọ èyí ni wọ́n ti ń ti ọmọ mọ́lé tí àlejò bá dé. Ìtìjú yẹn, ìwé ìròyìn kò lè bá ẹnikẹ́ni wò ó sàn. Ohun tó lè mú un rọ̀ ni kí ìyá mọ̀ pé tí òun bá gbé ọmọ jáde, ohun kan máa tẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ìbéèrè tí wọ́n lò ní ọdún 2018 kò le. Mẹ́fà péré ni: ṣé ó ń nira fún ọ láti ríran, láti gbọ́ràn, láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn, láti rántí nǹkan, láti wẹ̀ tàbí wọṣọ, láti sọ̀rọ̀ kó yé ẹlòmíràn? Nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní wọ́ọ̀dù lè bi èèyàn ní Yorùbá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò di dandan kí ẹni tí kò lè rìn ti ìlú kan dé òmíràn kó tó lè fi hàn pé òun kò lè rìn. Ohun tó bá gba dókítà, kí dókítà ìjọba máa wá sí ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì fi ọjọ́ náà kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lórí rédíò.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé òfin ọdún 1999. Àfikún kẹrin rẹ̀ ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní àwọn ni kó máa bójú tó itẹ́ òkú àti ilé ìtọ́jú àwọn aláìní àti aláìlera. Ó dùn wá pé inú ìlà kan náà ni wọ́n kó òkú àti aláìlera sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, alága káńsù kankan kò lè ní òun kò rí i. Ní ti owó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù Keje ọdún 2024 pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn alága jó lọ́jọ́ yẹn, a sì bá wọn yọ̀. Àǹfààní kan tún wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn: òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò ká a láti san tiwọn, ó sì ka akàndá ẹ̀dá mọ́ wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, nǹkan méjì ló ti fi ìrìn kan ṣe.

Ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó. Gbogbo ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, tí í ṣe àyájọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá lágbàáyé, a máa ń rí fọ́tò: olóṣèlú nínú agbádá, kẹ̀kẹ́ arọ tuntun lórí ìlà, ọ̀rá kò tíì kúrò lára àga. A kò ní kí wọ́n má pín kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n adití kò nílò kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́jọ sí, ẹ̀yìn ọmọ náà ló máa wọ́. Ohun tí ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nílò ṣáájú ni ẹni tó máa jókòó tì í, tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó, bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Lẹ́yìn náà, àga tó bá ìdí ọmọ mu. Lẹ́yìn náà, ilé ìwé. Láti ọdún 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ afọ́jú, adití àti ọmọ tí òye rẹ̀ falẹ̀. Àwọn olùkọ́ yẹn wà láàárín wa. Ohun tí kò sí ni ìwé kan tó máa sọ pé ọmọ báyìí, ní wọ́ọ̀dù báyìí, nǹkan báyìí ló kàn án, ẹni báyìí ló máa ṣe é, kó tó di oṣù báyìí. Ètò tí à ń wí nìyẹn: ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, lórí ìwé, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ bí èyí ṣe ń rí. Láti ọdún 2013 ni owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní PIP ti wà fún àgbàlagbà tó jẹ́ akàndá ẹ̀dá níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ gùn, ó ń tánni ní sùúrù, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn sì ń ráhùn nípa ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò. A kò gbé e lárugẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ̀ fún ọ, lẹ́tà á dé ilé rẹ, á sọ ìdí rẹ̀, á sì sọ ibi tí o lè gbé ẹjọ́ náà lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdákẹ́ ni èsì. Kò sẹ́ni tó lè pe ẹjọ́ ta ko ìdákẹ́.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe nílẹ̀ yìí, kó wo JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Láti ọdún 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé wà níbẹ̀, ni wọ́n ti ya ibùdó ìdánwò sọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú, tí wọ́n ń forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń fún wọn níbi tí wọ́n máa sùn àti oúnjẹ. Iléeṣẹ́ ìjọba ni JAMB. Abẹ́ oòrùn kan náà ni gbogbo wa wà.

Ẹ̀rù àwọn ayédèrú náà wà, a mọ̀. Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá á fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù gan-an ló ti le jù fún wọn láti ṣe é, nítorí aládùúgbò mọ ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lálẹ́. Ní olú ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ìwé dókítà tí wọ́n fowó rà ló máa ń sọ̀rọ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni a rò pé ó tó fún èsì. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó wà lórí ìwé, ní Yorùbá, kí wọ́n kà á sétí ẹni tí kò ríran, kí wọ́n fi ọwọ́ sọ ọ́ fún adití.

Ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀. A rọ alága ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá kó fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa ṣáájú ìgbà náà: iye akàndá ẹ̀dá tó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè forúkọ sílẹ̀, àti iye tó yà sọ́tọ̀ fún wọn. A máa tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá fèsì, a máa tẹ orúkọ rẹ̀, a ó sì fi àyè sílẹ̀ ní òfìfo níwájú rẹ̀.