Obìnrin Júù tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í ṣe ẹlẹ́gbin

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé obìnrin Júù tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run, pé kò gbọdọ̀ dáná, àti pé èérí ara rẹ̀ ló ń lọ fọ̀ nù nínú omi lẹ́yìn náà. Léfítíkù orí 15 la ti kà á. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun kan nílẹ̀ wa sì ní òfin pé kí obìnrin tó wà nínú àkókò rẹ̀ yẹra fún ilé ìjọsìn fún ọjọ́ méje, a wá rò pé bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn Júù nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Èdè wa dá kún un. Aṣọ tí a fọ̀, a ní ó mọ́. Nígbà tí Bíbélì wá pe obìnrin ní aláìmọ́, ìdọ̀tí ló sọ sí wa lọ́kàn. Lédè Hébérù, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nǹkan tó dọ̀tí ni melukhlakh. Tame, tí wọ́n túmọ̀ sí aláìmọ́, kò kan ọṣẹ rárá: ipò tí kì í jẹ́ kí ènìyàn wọ Tẹ́ḿpìlì ni. Ẹni tó fọwọ́ kan òkú wà nínú ipò yẹn, ọkùnrin tí àtọ̀ dà lára rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70. Eérú màlúù pupa tí Númérì orí 19 ní kí wọ́n fi wẹ ẹni tó fọwọ́ kan òkú mọ́ kò sì sí mọ́, nítorí náà gbogbo Júù òde òní, títí kan rábì, ni òfin kà sí tame.

Sínágọ́gù kì í ṣe Tẹ́ḿpìlì. Talmud, àkójọ ẹ̀kọ́ àwọn rábì ayé àtijọ́, sọ pé ọ̀rọ̀ Tórà, ìyẹn ìwé Òfin Mósè, kì í gba àìmọ́. Maimonides, rábì tó ṣàkójọ òfin Júù, sì kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lè di ìwé Tórà mú, kó sì kà á. Òótọ́ ni pé láàárín àwọn Júù kan ní Yúróòpù, àṣà wà pé kí obìnrin má wọ sínágọ́gù lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Rábì Moses Isserles ti Kraków kọ àṣà náà sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n wọlé nígbà àjọ̀dún ńlá, nítorí ìbànújẹ́ ńlá ni yóò jẹ́ fún wọn bí gbogbo ènìyàn bá péjọ tí àwọn sì dúró síta.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya: Léfítíkù 18:19 ní kí ọkùnrin má bá obìnrin lò pọ̀ nígbà tó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Kì í ṣe gbogbo Júù ló ń pa á mọ́. Nínú ilé tí wọ́n ti ń pa á mọ́, tọkọtaya kì í fọwọ́ kan ara wọn lákòókò náà, bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń sùn. Obìnrin náà ń dáná, ó ń gbàdúrà, ó ń tan àbẹ́là Sábáàtì.

Bí ìkà ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ rèé. Láàárín àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, ó kéré tán ọjọ́ 5 ni wọ́n ń kà fún ẹ̀jẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, obìnrin yóò fi aṣọ òwú funfun rírọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò nínú lọ́hùn-ún. Bí aṣọ náà bá jáde láìsí ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 7 mìíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tòun ti àyẹ̀wò láàárọ̀ àti kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún hàn, ìkà náà bàjẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ látorí oókan. Talmud ní àwọn ọmọbìnrin Ísírẹ́lì fúnra wọn ló gbé ìnira ọjọ́ 7 yìí lé ara wọn lórí.

Lẹ́yìn náà ni mikveh, adágún omi tí àwọn Júù ń rì bọ̀ fún ìwẹ̀nùmọ́ ti òfin. Obìnrin náà ti wẹ̀ tán kó tó dé etí omi, nǹkan bíi wákàtí kan ló sì fi ń múra: ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná wẹ̀, ó fọ irun, ó yà á títí kò fi sí kókó níbẹ̀, ó fọ eyín, ó gé èékánná, ó pa ọ̀dà ara èékánná rẹ́, ó bọ́ yẹtí àti òrùka, ó yọ lẹ́ńsì ojú. Ohunkóhun tó bá dínà láàárín omi àti ara lè ba ìrìbọmi náà jẹ́. Nígbà tó bá ń rì, kì í di ẹ̀ṣẹ́, kì í fún ètè pọ̀ pinpin. Bí irun díẹ̀ bá léfòó, obìnrin tó ń mójú tó o yóò ní kó tún un ṣe.

Omi náà gbọ́dọ̀ tó se'ah 40 (se'ah jẹ́ òṣùwọ̀n àwọn Júù ayé àtijọ́), èyí tí àwọn kan ṣírò sí nǹkan bíi lítà 330, tí àwọn mìíràn sì ṣírò sí 570. Òjò tó ṣàn wọ kòtò fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí a fi garawa pọn. Ihò kan tó gba ìka méjì ló so kòtò náà mọ́ adágún tí wọ́n ń wọ̀, òun ló jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti sẹ́ tí wọ́n sì mú gbóná bófin mu. Omi ẹ̀rọ nìkan, bó ti wù kó mọ́ gaara tó, kò bófin mu. Mikveh ni wọ́n sì ń ri àwo gíláàsì àti ìkòkò irin tuntun bọ̀ bí wọ́n bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Júù, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kò kàn án rí.

Ìnira gidi wà nínú òfin yìí, ó yàtọ̀ sí èyí tí a rò. Obìnrin tí ẹyin rẹ̀ máa ń jáde lọ́jọ́ 10 sí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò dé mikveh lẹ́yìn tí àsìkò oyún ti kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Dókítà lè fún un ní oògùn ẹ́sítírójìn, èròjà inú ara obìnrin, kí ẹyin náà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ rábì ni irú ìbéèrè báyìí ń lọ, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí obìnrin púpọ̀ béèrè. Ní 1999, ilé ẹ̀kọ́ Nishmat ní Jerúsálẹ́mù yan àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní òfin yìí àti ìmọ̀ ìṣègùn obìnrin. Yoetzet halacha, ìyẹn obìnrin agbaninímọ̀ràn lórí òfin Júù, ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ni obìnrin ń tẹ̀ láago báyìí.