Níbo Ni Kí Nọ́ọ̀sì Tuntun Ti Mú Ìrírí Wá?

"A ń wá nọ́ọ̀sì. Ó gbọ́dọ̀ ti ní ìrírí ọdún méjì, ó kéré tán." Irú ìkéde báyìí kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu géètì àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ní Adó-Èkìtì, ó sì ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn lórí WhatsApp. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì kà á, ó ti fóònù bọ àpò. Ó ti ṣe iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù nígbà tó wà nílé-ẹ̀kọ́, ó ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún àìmọye aláìsàn, ó ti jókòó ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, ó sì yege. Owó kòkó bàbá rẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, wọ́n ní kò tíì nírìírí.

Èrò tiwa nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè ìrírí lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ipò ìbẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì ló sì yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é káwọn aládàáni rí i kọ́.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ní ọjọ́ keje oṣù náà, Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà fi ìwé síta pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí òun fún orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì. Àwọn nọ́ọ̀sì tú síta ní Àbújá àti Èkó. Ariwo nípa ẹ̀tọ́ láti jápa ló gba gbogbo ìlú kan, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì béèrè èyí tó ṣe kókó jù: ọdún 2 ọ̀hún, ta ni yóò gba ọmọ tuntun láyè kó ṣe é? Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde ní kó lọ mú ìrírí wá. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé náà ní kó lọ mú ìrírí wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọmọ náà wà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tí àwọn onílé ìwòsàn kì í fẹ́ gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà ládùúgbò wa, ẹni tó wọ aṣọ funfun tó ń gún yín lábẹ́rẹ́ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Auxiliary ni. Inú ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kò ní láísẹ́ǹsì, kò jókòó ṣe ìdánwò ìgbìmọ̀ kankan, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń san fún un lóṣù. Aláìsàn kò mọ ìyàtọ̀. "Nọ́ọ̀sì" làwa náà ń pè wọ́n. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwòsàn bá wá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun láti gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, a ní láti bi í pé ibo ni auxiliary rẹ̀ ti nírìírí tiẹ̀. Owó oṣù ló ń sá fún. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, tí ẹni tí òfin mọ̀ jókòó sílé, tí ẹni tí òfin kò mọ̀ di abẹ́rẹ́ mú.

A kò sọ pé ẹ̀rù ọ̀hún kò nídìí rárá. Omi tí wọ́n ń fà sára ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fojú díwọ̀n. Bí wọ́n bá fi ẹni tó dé lánàá sílẹ̀ lóun nìkan ní wọ́ọ̀dù lóru, àṣìṣe kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lóun nìkan? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ní ìlú Òyìnbó tí àwọn ọmọ wa ń sáré lọ, wọ́n máa ń fi nọ́ọ̀sì tuntun sábẹ́ àgbà kan fún oṣù mélòó kan kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé. Níbí náà, dókítà tuntun ń ṣe house job ọlọ́dún kan tó lówó nínú. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kàwé ní yunifásítì ní internship ọlọ́dún kan tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rírí àyè ibi tí wọn yóò ti ṣe é kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Èyí tó ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú RN, ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ńkọ́? Ọjà ló já sí tààrà.

Àwọn kan nínú wọn ti wá ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń pè é ní volunteer. Ọmọ náà yóò fi owó ara rẹ̀ wọ ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, yóò ṣe gbogbo ohun tí àwọn tó ń gbowó ń ṣe, nítorí pé ó ń retí kí wọ́n kọ lẹ́tà fún un pé ó ti ṣiṣẹ́ rí. Ìyànjẹ lèyí, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Síbẹ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí kò lẹ́ni tí yóò ṣe é. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì dáṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, ara ohun tí wọ́n béèrè ni kí ìjọba gba òṣìṣẹ́ sí i, torí pé iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń kú lọ, ẹni tó wà nílé ń wá iṣẹ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 la ní ní Èkìtì. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tuntun tó bá fẹ́, kí wọ́n máa sanwó fún un, kí wọ́n sì fi sábẹ́ àgbà kan ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè gbọ́dọ̀ ríbi sùn, torí ilé gbígbé wà lára ohun tó ń lé wọn kúrò lóko. Bí ọdún náà bá pé, kí ìwé tí wọ́n bá fún un jẹ́ ìrírí tí gbogbo ilé ìwòsàn ní Èkìtì gbọ́dọ̀ kà sí. Kí orúkọ àwọn tó rí àyè sì wà níta gbangba kí gbogbo ènìyàn rí i, kó má di pé ẹni tó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọlọ́lá kan ló ń wọlé.

Owó ńkọ́? Òfin ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀hún sì wà fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìlérí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná fún ìlera tí àwọn olórí Áfíríkà ṣe ní Àbújá ní 2001, ẹ jẹ́ ká má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyẹn.

Wọn yóò ní àwọn ọmọ náà yóò ṣì jápa. Àwọn kan yóò lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún kan gbẹ̀bí ní Ọ̀mùò kó tó lọ ti gbẹ̀bí ní Ọ̀mùò ná. Ẹni tí a kò gbà síṣẹ́ rárá yóò lọ bákan náà, kò sì ní gbẹ̀bí fún ẹnikẹ́ni wa.

Nígbà tí ìjọba bá tún polówó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìlà tí wọ́n kọ "ìrírí" sí la ó kọ́kọ́ wò.