JP Ti Dé, Ẹ Yàgò Lọ́nà

Láti ìgbà tí àbúrò màmá mi obìnrin ti ti Jerúsálẹ́mù dé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ lásán mọ́ ní Kàbà. Mọ́mì JP ni, ìyẹn “Jerusalem Pilgrim”, oyè ẹni tó ti lọ Jerúsálẹ́mù. Ó wà lára géètì, ó wà lẹ́yìn mọ́tò, ó wà lórí kàlẹ́ńdà tó pín níbi ìkórè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé ìbúra wá kó bá òun fọwọ́ sí i, ó rò pé JP ti kóòtù ni. Mọ́mì wo ìwé náà lókè nílẹ̀, ó gbàdúrà lé e lórí, ó sì dá a padà fún un.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ Ọ̀kún wa níbí, inú ilé kan náà lẹ ti máa bá ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí, wọn á sì jọ jẹ iyán nínú àwo kan. Ó pẹ́ tí àwọn tó lọ Mẹ́kà ti ń dé pẹ̀lú eyín wúrà, tí gbogbo àdúgbò á máa kí wọn ní Alàájì, tí àwọn onígbàgbọ́ inú ilé á sì máa gbé itọ́ mì. Àbúrò Mọ́mì ọkùnrin, Alàájì ni. Ẹ wò ó ná: àbúrò lóyè, ẹ̀gbọ́n ò lóyè. Ṣé ẹ̀yin náà á lè sùn?

Alẹ́ ọjọ́ kejì tó dé, ó kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀ ká wá wo fídíò. Jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìnkùlé. Fún odidi wákàtí kan, ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó na agbòjò pupa sókè là ń wò. Òun ni afinimọ̀nà wọn. Ibi tí agbòjò bá yà sí ni ogójì èèyàn tó wọ ankárá kan náà ń yà sí. Wọ́n á dúró, wọ́n á ka ara wọn, ẹnì kan á dín, wọ́n á lọ bá a níbi tó ti ń ná ìborùn lọ́wọ́ ará Lárúbáwá, tó ń fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in.

Ọ̀nà tí wọ́n ní Jésù gbé àgbélébùú gbà nínú ìlú olódi yẹn kò tó kìlómítà kan. Ibùdó 14, ibi tí wọ́n ti ń dúró gbàdúrà, ló wà lójú ọ̀nà náà, márùn-ún tó gbẹ̀yìn sì wà nínú Ilé Ìjọsìn Ibojì Mímọ́. Ní ibùdó karùn-ún, òkúta kan wà lára ògiri tó ti jin kòtò, wọ́n ní ibẹ̀ ni Jésù fọwọ́ tì. Mọ́mì na ọwọ́ sí i, òrùka mẹ́rin ń dán lára ọwọ́ náà. Ohùn rẹ̀ là ń gbọ́: “Yà á dáadáa, jẹ́ kí òrùka hàn.” Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n yà á. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rántí Símónì ará Kírénè tó bá Jésù gbé igi, ṣùgbọ́n Símónì ò rí àyè nínú fótò.

Ibi odi ìlú ni wàhálà ti dé. Mọ́mì dá fídíò dúró, ó na ìka: “Odi tí ẹ̀ ń wò yìí, Sólómọ́nì ọba ló mọ ọ́n.” Afinimọ̀nà ti sọ ọ́ ketekete nínú fídíò: Suleiman ni, sútánì àwọn Tọ́kì, tó mọ ọ́n ní nǹkan bíi 1537 sí 1541. Sólómọ́nì ti kú ju 2,400 ọdún lọ kí bíríkìlà àkọ́kọ́ tó dé. Alàájì rọra gbé fìlà rẹ̀ sórí eékún. “Ẹ̀gbọ́n mi, Sulaimọ́nù yẹn, tiwa ni.”

Kò tán síbẹ̀. Ìdílé Mùsùlùmí kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìjọsìn Ibojì Mímọ́, ìdílé Mùsùlùmí mìíràn ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Alàájì ní, “Ṣé ẹ bá mi kí wọn?” Mọ́mì ní ká gbé fídíò náà síwájú.

A gbé e síwájú, ó di orí àkàbà. Àkàbà onígi kan wà lábẹ́ fèrèsé níwájú ilé ìjọsìn náà, ó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìjọ mẹ́fà ló jọ ni ilé, kò sì sí ìkankan tó lè ṣí nǹkan nídìí láìjẹ́ pé àwọn yòókù gbà. Mọ́mì pòṣé: “Àgbàlagbà èèyàn! Àkàbà lásán!” Gbogbo wa gbójú sókè wo àjà. Ìjì ti ṣí páànù ilé ẹbí wa láti ọdún mẹ́ta, ìdí ẹni tó máa kọ́kọ́ dá owó la ṣì wà. Mọ́mì ni alága ìpàdé náà.

Mo fò ti Ògiri Ẹkún, níbi tó ti ki ìwé àdúrà gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin bọ inú ihò òkúta. Wọ́n ń kó àwọn ìwé náà kúrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n á sì lọ sin wọ́n sórí Òkè Ólífì. Ẹ má sọ fún ìyá tó kọ ọ̀rọ̀ físà ọmọ rẹ̀ síbẹ̀.

Áńkáṣíìfù ni kókó. Ó ra méjìlá, ó fi nu òkúta tí wọ́n ní wọ́n tẹ́ Jésù lé kí wọ́n tó sin ín. Pẹpẹ òkúta tó nu yẹn, 1810 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, lẹ́yìn tí iná ti jó Ilé Ìjọsìn Ibojì Mímọ́ ní 1808, àmọ́ ta ló máa sọ ọ́? Ó pín wọn bí ipò ṣe rí: pásítọ̀ gba ńlá, àwọn díákónì gba kékeré, èmi gba èyí tí epo ta sí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, pásítọ̀ kéde pé a ó fẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ọjà, ká máa wàásù lọ. Ó ní Tommy Titcombe, òyìnbó Kánádà tó gbé ìhìn rere dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, kò bá kẹ̀kẹ́ Màrúwá níbẹ̀. A tò síta, a ń dúró de Mọ́mì JP, nítorí òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ọmọ kékeré kan ló dé. Ó ní Mọ́mì kí wa, eékún ń dùn wọ́n. Ó na áńkáṣíìfù kan sí pásítọ̀, ó ní wọ́n ní kí èyí ṣojú àwọn.