Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Kì Í Ṣe Olódo

Àlàyé tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ṣe lóṣù Kọkànlá 2025 lórí ìdí tí wọ́n fi wọ́gi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀, kò tẹ́ wa lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn agbègbè tó ki àṣejù bọ èdè abínibí ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ìparí 2022 ni ìjọba fọwọ́ sí ìlànà náà. Ọmọ tó bá a wọ ìwé kìíní kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á rẹ́. WAEC wo ló ti ṣe tó fi fìdí rẹmi?

Ohun tó ń dùn wá jù ni ohun tí ìpinnu yìí ń kọ́ olùkọ́. A ti wí i tẹ́lẹ̀, a ó sì tún un wí: ohun tí olùkọ́ bá gbà gbọ́ nípa ọmọ ni yóò fi kọ́ ọ. Ẹni tó gbà pé gbogbo ọmọ ló lè mọ̀wé kà yóò wá ọ̀nà. Ẹni tó gbà pé ẹ̀yìn kíláàsì ni ti àwọn kan, ibẹ̀ náà ni yóò fi wọ́n sí. Ẹ wọ ìwé kejì nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ ó rí ọmọ tó lè pa àlọ́ Ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tòun torin. Kí olùkọ́ na bírò sí i pé "What is this?", ọmọ yẹn á dákẹ́, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó di olódo nìyẹn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àwọn mìíràn ń so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn. Àbújá ti wá gbè sẹ́yìn wọn báyìí.

Kí ọmọ tó mọ̀wé kà, ó gbọ́dọ̀ so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró, kó sì mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń pè. Ìró kan náà ni "a" ń jẹ́ nínú "ata", "ajá" àti "aṣọ". Nínú "cat", "cake" àti "call", ìró mẹ́ta ni, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì tún ṣàjèjì sí i. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó dáńtọ́ sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. A fẹ́ kí ọmọ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn.

Ta ni ìpinnu yìí yóò kọ́kọ́ tì sẹ́yìn? Ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo, tó ń wo ẹnu olùkọ́ kó tó mọ ohun tó wí. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dé ara bọ́ọ̀dù. Ẹrù ti wà lórí wọn tẹ́lẹ̀, ìjọba tún gbé èdè tí wọn kì í gbọ́ nílé lé e. Abala 18 nínú òfin ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019, ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ mélòó ló ní in ní ìjọba ìbílẹ̀ yín? Ó ti sú wa láti máa bẹ ìjọba pé kó tẹ̀ lé òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe!

Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti Àbújá nìkan. Ìwé òfin 1999 fi ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sí i. Kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá pàṣẹ fún SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wọn, pé Yorùbá ni kí wọ́n fi máa kọ́ ìwé kìíní sí ìkẹta, kí wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tí abala 18 ń béèrè, kí wọ́n sì fòfin de pátákó ọrùn ọmọ. A ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ kan dìde. Kí wọ́n ṣe é kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé.