Ẹ Gbé Ìwé Kóòtù Àtijọ́ Wa Jáde Kí Ará Ìlú Rí I Kà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá láàárín Olóyè Olúwa àti ìjọba òyìnbó parí sí, kò ní láti kúrò nílé. Ìdájọ́ tí Privy Council, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìkẹyìn láti àwọn ilẹ̀ amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1921 wà lórí BAILII, ìkànnì tó ń kó ìdájọ́ kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Adájọ́ Viscount Haldane ló kọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé ilẹ̀ tí ìjọba gbà kì í ṣe ohun tí olóyè kàn ń bójú tó lásán, gbogbo àwọn èèyàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ni ín, owó gbà-máà-bínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí à ń san fún ẹni tó ni nǹkan.

Àmọ́ ìdájọ́ nìkan nìyẹn. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí ń sọ ní kóòtù ayé ìgbà yẹn, ta ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ta, igi wo ni wọ́n fi ṣe ààlà, inú ìwé ńlá tí akọ̀wé kóòtù fọwọ́ kọ ló máa wá a lọ. Àwọn ìwé yẹn wà lọ́dọ̀ wa níbí, tí eruku àti ikán ń bá wa pín in. Ìtìjú ni pé Lọ́ńdọ̀nù ń fi ẹjọ́ ilẹ̀ wa hàn wá lọ́fẹ̀ẹ́, a ò sì lè fi tiwa han ara wa. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì kò le: kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ìwé kóòtù tó ti lé ní 75 ọdún, kí wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣe rò lọ. Wọn kì í rí i ni, nítorí Google ni wọ́n fi ń wá a. BAILII kì í jẹ́ kí Google wọ inú àwọn ìdájọ́ rẹ̀. Inú ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ yan Privy Council, kí ẹ sì tẹ orúkọ bí òyìnbó ṣe kọ ọ́. Ẹni tó tẹ “Olúwa” lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí “Amodu Tijani”, orúkọ olóyè náà fúnra rẹ̀, ni orúkọ ẹjọ́ náà. Ẹjọ́ ọba Èkó tí ìjọba lé kúrò nílùú, tí wọ́n dá lọ́dún 1931, “Eshugbayi Eleko” ni wọ́n kọ: kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀, “sh” ló dúró fún ṣ. Bí kò bá jáde síbẹ̀, ẹ ṣí àkójọ ọdún náà kí ẹ máa wo orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti pẹ́, ẹ̀rọ ìwádìí kì í sì í sábà rí inú àwòrán.

Ìwé kóòtù tó sún mọ́ wa jù lọ kì í tilẹ̀ í ṣe ti ilẹ̀. Láti ọdún 1819 ni àwọn kóòtù tí Gẹ̀ẹ́sì dá pọ̀ pẹ̀lú Sípéènì àti Pọtogí ti ń jókòó ní Freetown láti dá ẹjọ́ ọkọ̀ tó kó ẹrú. Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú ìwé. Ọdún 1822 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìkànnì African Origins ti kó orúkọ èèyàn 91,491 jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti Havana, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti èbúté tí wọ́n ti wọ ọkọ̀. Ẹ má tẹ “Yoruba” síbẹ̀, kò tíì di orúkọ gbogbo wa nígbà yẹn. Aku ni wọ́n ń pè wá ní Freetown, Lucumí ní Kúbà, Nagô ní Brazil. Èbúté ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Lagos, Badagry, Whydah. Akọ̀wé tó kọ orúkọ náà kò gbọ́ èdè wa, bó ṣe dún létí rẹ̀ ló kọ ọ́, nítorí náà ẹ kà á sókè kí ẹ tó sọ pé kì í ṣe orúkọ Yorùbá. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá wa ṣe ìyẹn bí ẹni tó gbọ́ èdè.

Ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n máa ń tì mọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ìwé òfin ayé amúnisìn wà lórí HathiTrust, ìkànnì ìkàwé kan ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Boston lè máa ka ìwé kan tí ẹni tó wà n’Ìbàdàn kò ní rí ju iye ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ kan ti fara hàn. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ló fà á. Ẹ wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí Internet Archive, ìkànnì ìkàwé ọ̀fẹ́ mìíràn, kí ẹ tó sọ̀rètí nù. Ní ti gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, gazettes.africa ni kí ẹ lọ.

Àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa ti fi ọ̀nà hàn. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà gé ẹ̀yìn ìwé ìdájọ́ bí 40,000 kí ojú ìwé wọn lè tú sílẹ̀, ó ya àwòrán ojú ìwé bíi mílíọ̀nù 40, gbogbo rẹ̀ sì ti di ọ̀fẹ́ láti oṣù Kẹta ọdún 2024. (Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gé ẹ̀yìn ìwé tiwa: ti Harvard jẹ́ ìwé títẹ̀ tó ní ẹ̀dà níbòmíràn, ìwé àfọwọ́kọ ò ní ẹ̀dà.) Old Bailey Online, ìkànnì ẹjọ́ ọ̀daràn àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹjọ́ tó lé ní 197,000, láti ọdún 1674 dé 1913. Ní ti àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn, èèyàn méjì ló tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kọ̀ǹpútà wá fi méjèèjì wéra kó lè tú àṣìṣe fó.

A mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ kọngilá. Yóò ya á ní dúdú àti funfun, ìkọ̀wé pẹ́ńsùlù àti ti yíǹkì pupa á pòórá. Yóò gé etí ìwé dànù, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ àti nọ́ḿbà ẹjọ́ wà. Yóò tẹ ìwé náà palẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi já. Níkẹyìn, yóò kó PDF ẹgbẹ̀rún mélòó kan fún ìjọba, orúkọ wọn á máa jẹ́ scan0001, scan0002, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ yé: àwòrán aláwọ̀, 400 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó), fáìlì TIFF fún ìpamọ́ àti PDF fún kíkà, ìwé lórí ìrọ̀rí, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Kí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan gbé kóòtù, ọdún, nọ́ḿbà ìdìpọ̀ àti ojú ìwé. Lẹ́yìn náà ni tábìlì: ọjọ́, olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́, ìlú, irú ẹjọ́. Orúkọ gbọ́dọ̀ ní àyè méjì, ọ̀kan fún bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́, ìkejì fún bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí.

Kí ẹ̀dà má dín ní mẹ́ta, kí wọ́n má sì wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020, iná jó Kóòtù Gíga Igbosere l’Ékòó, fáìlì ẹjọ́ sì jóná. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà lórí ìkànnì rẹ̀ sì di àwátì fún oṣù púpọ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ọmọ onílẹ̀ á fi ìwé àtijọ́ hú ìjà tó ti kú. Olówó tó mọ ọ̀nà ilé kóòtù ti ń gba ẹ̀dà ìwé yìí tipẹ́. Tálákà tí wọ́n fi ayédèrú ìdájọ́ gba oko baba rẹ̀ ni kò rí nǹkan fi tako ẹlẹ́rìí èké. Àwọn ẹjọ́ tó kan ọmọdé tàbí ìfipábánilòpọ̀ nìkan la gbà pé kí wọ́n yọ sọ́tọ̀.

Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, kí Èkó kọ́kọ́ mú ìwé Supreme Court tí òfin ọdún 1876 dá sílẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé tábìlì orúkọ jáde ṣáájú àwòrán. Akọ̀wé kóòtù méjì tó mọ ìkọ̀wé àtijọ́ kà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.