Kílọ́ọ̀ṣì tó le jù kọ́ ló ń pẹ́ jù lára píkọ́ọ̀pù tó ti gbó

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ ọ̀pọ̀ awakọ̀ lára. Bí kílọ́ọ̀ṣì píkọ́ọ̀pù tó ti gbó, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì tó sì ń yà wọ́n, bá jẹ tán, wọ́n ní èyí tó wọ́n jù lọ, tí wọ́n kọ "heavy duty" (ti iṣẹ́ líle, tí sípíríǹgì rẹ̀ sábà máa ń le jù) gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀, ni kéèyàn rà, torí òun ló máa pẹ́. Àwọn tó ń ta pátì ń sọ ọ́, mẹkáníìkì ń sọ ọ́, onímọ́tò á sì lọ yáwó kún owó ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí, nítorí ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù wá oúnjẹ òòjọ́ ló máa ń kó sí i jù. Owó tó bá kó lé kílọ́ọ̀ṣì tó ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni kì í kù mọ́ nígbà tó bá kan àwọn nǹkan tó ń pa kílọ́ọ̀ṣì gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Fláíwíìlì, irin rìbìtì tó wúwo, wà nídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n jọ ń yí ni. Díìsìkì fara ti fláíwíìlì, eyín tó wà láàárín rẹ̀ sì wọ eyín ọ̀pá tó yọ láti inú gíábọ́ọ̀sì. Plẹ́ètì ni wọ́n fi bóòtì dè mọ́ fláíwíìlì, sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ń fún díìsìkì mọ́ àárín àwọn méjèèjì pinpin. Tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà, sípíríǹgì á tú u sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á tún gbá a mú.

Díìsìkì kì í jẹ nígbà tí wọ́n bá ti gbá a mú dáadáa. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí pọ̀ nígbà yẹn ni, ìkankan ò ha èkejì. Ìgbà tó bá ń yọ̀ ló ń jẹ: tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, tí ẹ bá ń pààrọ̀ jíà, tí ẹ bá fi ìdajì ẹsẹ̀ lé pẹ́dà lórí òkè kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn. Bó ṣe máa jẹ tó, ẹrù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ àti bí ẹ ṣe tẹ iná tó ló ń pinnu rẹ̀. Sípíríǹgì tó le kò dín ọ̀kankan kù nínú ìyẹn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà sì ti fi àlékún sí i láti ilé iṣẹ́: kílọ́ọ̀ṣì tó bá a wá, bí ara rẹ̀ bá ṣì dá, lè gbé ju gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì yẹn lè mú wá lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ti sáré fún ogún ọdún kò lágbára ju ìgbà tó wà ní tuntun. Kí wá ni àlékún lórí àlékún fẹ́ ṣe?

Ìpalára ló máa ń ṣe. Sípíríǹgì tó le máa ń fẹ́ agbára púpọ̀ kó tó tú sílẹ̀, agbára náà ò sì mọ sórí orúnkún yín nìkan. Ó ń gba inú kéébù, tàbí inú rọ́bà àwọn páǹpù kílọ́ọ̀ṣì, kọjá sí fọ́ọ̀kì, apá irin tó ń ti bẹ́ríǹgì, ó dé ara bẹ́ríǹgì tó ń ti plẹ́ètì, ó sì ń ti kíránkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, fúnra rẹ̀ síwájú. Bẹ́ríǹgì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ń di kíránkì mú kó má sún síwá sẹ́yìn. Nínú ẹ́ńjìnnì àgbà, òun náà ti jẹ díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà líle yẹn, òun lẹ ń lọ̀. Bí òun bá lọ, kílọ́ọ̀ṣì kọ́ lẹ máa túnṣe mọ́, ẹ́ńjìnnì ni.

Díìsìkì ceramic, èyí tí ojú rẹ̀ le bí àwo tí wọ́n fi iná sun, tún burú jù fún ìrìn ojoojúmọ́. Ó ń gba ooru, òótọ́ ni, ìyẹn ló ṣe wúlò fún ọkọ̀ ìdíje. Ṣùgbọ́n gbàgà ló máa ń di mú, ọkọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì bó bá ń gbéra, á sì máa jẹ ojú fláíwíìlì. Ìgbọ̀n yẹn máa ń lọ tààrà sí eyín gíábọ́ọ̀sì àti sí ìdí ọkọ̀, níbi tí nǹkan ti gbó tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ń fa tírélà ẹlẹ́rù wúwo lójoojúmọ́, tàbí tó ti fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, díìsìkì tó fẹ̀ sí i, tí ojú rẹ̀ ṣì jẹ́ irú ti ilé iṣẹ́, sàn ju sípíríǹgì líle lọ, bí fláíwíìlì bá lè gbà á.

Kí wá ni kí àwa yòókù rà? Odindi sẹ́ẹ̀tì tó bá ìwọ̀n ilé iṣẹ́ mu, láti ọwọ́ àwọn tó ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gan-an. Ibí yìí ni owó wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì fúnra wọn. LuK àti Sachs ní Jámánì, Valeo ní Faransé, Exedy àti Aisin ní Japan, àwọn wọ̀nyí ló ń ṣe é fún wọn. Aisin wà nínú ìdílé Toyota. Kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá fi sínú páálí tó ní orúkọ ọkọ̀ lára máa ń wọ́n ju èyí tí ẹni tó ṣe é tà nínú páálí tirẹ̀. Orúkọ ara páálí lẹ máa ń san àfikún fún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú, nítorí àwọn orúkọ tó gbajúmọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń yí. Bí owó rẹ̀ bá kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu, tí lẹ́tà ara irin ò mọ́lẹ̀, tí nọ́ńbà ara páálí ò bá ti ara díìsìkì mu, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má fi orúkọ àti ọdún ọkọ̀ nìkan ra ọjà. Píkọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lè ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Èyí tí ẹ tú jáde ni kí ẹ gbé dání: ẹ wọn bó ṣe fẹ̀, ẹ ka eyín àárín rẹ̀, kí ẹ sì wo bí ihò náà ṣe tóbi. Ọ̀pọ̀ Ford àtijọ́ ní eyín 10, ọ̀pọ̀ Chevrolet àtijọ́ náà ní 10. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ti Ford jẹ́ íǹṣì 1 1/16, ti Chevrolet jẹ́ 1 1/8. Ojú lásán ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Ti Toyota sábà máa ń jẹ́ eyín 21.

Owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín ni ẹ máa ná síbi tó yẹ. Ẹ wo ojú fláíwíìlì dáadáa: bí àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù bá wà lára rẹ̀, ooru ti sọ ibẹ̀ di líle ju ibi yòókù lọ, kò sì ní jẹ́ kí díìsìkì tuntun jókòó. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ bó ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, bó bá ṣì nípọn tó. Ẹ wo síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́lé, ti ìdí ẹ́ńjìnnì àti ti iwájú gíábọ́ọ̀sì. Bí ọ́ìlì bá ń jò díẹ̀ níbẹ̀, á kan díìsìkì, díìsìkì tó bá sì ti mu ọ́ìlì ò ṣeé fọ̀, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ pààrọ̀ búùṣì kékeré tó wà láàárín ìdí kíránkì, àti bẹ́ríǹgì tó ń ti plẹ́ètì. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ díìsìkì nìkan, wọ́n á ní àwọn ṣọ́wó ná. Gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n tún máa sọ̀ bí bẹ́ríǹgì àtijọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, owó iṣẹ́ sì di méjì.

Kí ẹ tó tú u rárá, ẹ rí i dájú pé kílọ́ọ̀ṣì ló jẹ̀bi. Lórí òkè, nínú jíà gíga, ẹ tẹ iná: bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè tí ọkọ̀ ò sì yára sí i, díìsìkì ń yọ̀. Bí jíà bá ń ké gìrìgìrì kó tó wọlé, tí ọkọ̀ sì ń lọ dáadáa bó bá ti wọlé, páǹpù tàbí kéébù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n bá ń dá gíábọ́ọ̀sì padà, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwúwo rẹ̀ kọ́ sára díìsìkì kí wọ́n tó dè é. Àárín díìsìkì máa ń tẹ̀ báyẹn, kílọ́ọ̀ṣì tuntun á sì máa gbọ̀n láti ọjọ́ kìíní. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fọ́n eruku àtijọ́ dànù, torí asbestos, èròjà kan tó dà bí okùn tín-ín-rín, lè wà nínú díìsìkì tó ti pẹ́, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Fún nǹkan bí kìlómítà 800 àkọ́kọ́, ẹ rọra máa gbéra, ẹ má gbẹ́rù wúwo, ẹ má sì fa nǹkan kan.